Ìtàn Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré àti Ọwọ́ Ńlá Kan

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ìṣeré rí. Ọmọ tí kò rówó ra ti ìsọ̀ a mú agolo sàdíìnì, a fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, a so okùn mọ́ ọn níwájú, a sì máa wọ́ ọ kiri àgbàlá. Bí ẹ bá kíyè sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i pé kì í pẹ́ kí ó tó dọ̀bálẹ̀, kí ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, kí ó sì máa fi ojú kan wo ọkọ̀ náà bí ó ti ń bọ̀. Kí ló dé tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé bí ó bá dúró lóòró, agolo ni yóò rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ojú balẹ̀, ọkọ̀ ni yóò rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ti ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú irin kékeré ni, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1953, nígbà tí ọwọ́ ńlá kan yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn ọkọ̀ kékeré yìí ti wá. Ní ìlú Göppingen ní ilẹ̀ Jámánì, ilé iṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Märklin. Láti ọdún 1859 ni wọ́n ti ń fi páànù ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ní ọdún 1891, wọ́n kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n kó lọ. Wọ́n kó irin tí ọkọ̀ yóò máa gbà lọ pẹ̀lú, wọ́n sì fún ìbú ojú irin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ kan lọ́dún yìí lè ra irin sí i lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó sì ra ibùdókọ̀ lọ́dún kẹta, gbogbo rẹ̀ yóò sì bá ara mu. Báyìí ni ohun ìṣeré ṣe di ohun tí bàbá àti ọmọ lè jọ máa kọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá, títí yóò fi di odindi ìlú lórí tábìlì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, Frank Hornby, ará Liverpool, ti gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1901 fún ohun ìṣeré onírin tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Meccano lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1920, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yí àwọn ti ìṣáájú, bí ìgbà tí a bá ń yí aago. Hornby kú ní ọdún 1936, ṣùgbọ́n ní ọdún 1938, ilé iṣẹ́ rẹ̀ mú irú tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní Hornby Dublo. Èyí kéré púpọ̀. Ohun tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi kò ju mìlímítà 4 lọ lára rẹ̀. Bí a bá to irú rẹ̀ 76 tẹ̀lé ara wọn, ìgbà náà ni wọn yóò gùn tó ọkọ̀ gidi kan. Àárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mìlímítà 16.5, kò ju ìbú ìka ọwọ́ àgbàlagbà kan lọ. Iná ẹlẹ́ńtíríìkì ni a fi ń wà á, ẹni tí ń wà á sì lè jókòó sórí àga rẹ̀, kí ó máa yí bọ́tìnnì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé àlùfáà kan. Wilbert Awdry ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 15, oṣù Júùnù, ọdún 1911 ni a bí i, àlùfáà ni bàbá rẹ̀ náà. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ilé wọn ní abúlé Box kò jìnnà sí ojú irin. Ní òru, bí ó bá ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, a máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ti ń mí gúlegúle gun òkè, létí rẹ̀ a sì dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí kò yẹ kí ó ya àwa lẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè dùndún mọ̀ pé ohun tí kò ní ẹnu lè sọ̀rọ̀ tí ó yéni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èéyi dá Christopher ọmọ rẹ̀ dúbúlẹ̀. Bàbá jókòó tì í, ó ń pa ìtàn àwọn ẹ́ńjìnnì fún un kí ọjọ́ lè sún. Ọmọ kò jẹ́ kí bàbá sinmi. Bí bàbá bá sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀kejì tí ó sì yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, ọmọ a dá a dúró. Bàbá kọ ìtàn náà sílẹ̀ nítorí kí ó má baà ṣìṣe. Ó fi igi gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kékeré fún ọmọ náà pẹ̀lú. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1945. Ìwé kejì, tí ó ní ìtàn Thomas nínú, jáde ní ọdún 1946.

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn ìwé àkọ́kọ́ ni ti Henry. Ẹ́ńjìnnì agbéraga ni Henry. Ó rò pé òjò yóò ba ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kùn ún jẹ́, ó bá wọ inú ihò abẹ́ òkè, ó ní òun kò jáde mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Níkẹyìn, wọ́n mọ bíríkì dí ẹnu ihò náà, wọ́n fi í síbẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìtàn tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú ni, ó fara jọ èyí tí àwọn ìyá wa máa ń pa fún wa lábẹ́ òṣùpá.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Awdry. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ó lè sunkún, ó lè gbéraga. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn lórí irin kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí bí ẹ́ńjìnnì gidi ti ń rìn. Bí ayàwòrán ìwé rẹ̀ bá ya ẹ́ńjìnnì kan báyìí lójú ewé kan, tí ó yà á lọ́nà mìíràn lójú ewé kejì, inú rẹ̀ kì í dùn. Ó mọ̀ pé ọmọdé tí ń ka ìwé yóò rí i, yóò sì béèrè. Òun fúnra rẹ̀ to ojú irin kékeré sí ilé, ó sì máa ń gbé e lọ sí ibi àfihàn fún àwọn ènìyàn láti wò.

Wàyí o, a dé ọdún 1953. Ní ọjọ́ 2, oṣù Júùnù, ni wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ju 20 mílíọ̀nù ènìyàn lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wo ayẹyẹ náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ló wò ó nílé aládùúgbò, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹ̀rọ náà. Inú gbogbo ènìyàn dùn sí ohun tuntun yìí. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14, oṣù Júùnù, ilé iṣẹ́ BBC fẹ́ fi ìtàn Henry han àwọn ọmọdé láti ilé iṣẹ́ wọn ní Lime Grove. Ó ku ọ̀la kí Awdry pé ẹni ọdún 42. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí wo ni ìbá tún dára ju èyí lọ?

Ọkọ̀ Hornby Dublo ni wọ́n lò. Wọ́n to ojú irin, wọ́n ṣe òkè, wọ́n ṣe ihò. Ẹnìkan yóò máa sọ ìtàn, àwọn mìíràn yóò máa wa ọkọ̀, kámẹ́rà yóò sì máa tẹ̀ lé e. Kì í ṣe fíìmù tí a yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ohun tí kámẹ́rà bá rí ni àwọn ọmọ nílé ń rí lójú ẹsẹ̀ kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde lẹ́nu, kò ṣeé kó padà. Bí àwòrán bá ti lọ, ó ti lọ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin rí ti rí ibi tí ojú irin kan ti ya sí méjì. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń tì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Òun ni í sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní irin oríta. Ní ọjọ́ náà ní Lime Grove, wọn kò ti irin oríta sí ibi tí ó yẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn ń lọ, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ dé oríta, ó sì yẹ̀ kúrò lórí irin.

Nígbà náà ni ọwọ́ ènìyàn kan, ọwọ́ ńlá, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó gbá ẹ́ńjìnnì náà mú, ó sì gbé e padà sórí irin, lójú gbogbo ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń wò ó. Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Awdry bínú gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó bà á nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé nítorí pé ọkọ̀ yẹ̀ lórí irin ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ gidi náà a máa yẹ̀ lórí irin, ìjàǹbá sì pọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá fi Henry sílẹ̀ níbi tí ó ṣubú sí, ẹni tí ń sọ ìtàn ìbá lè rí ọ̀rọ̀ fi gbà á. Ọwọ́ yẹn ni ó ba nǹkan jẹ́. Kí ọwọ́ tó yọ, ẹ́ńjìnnì ńlá ni Henry, òkè ńlá ni òkè, ihò náà sì ṣókùnkùn. Bí ọwọ́ ti yọ, páànù ni Henry, òkè sì di ohun tí a fi bébà mọ. Ó dà bí ìgbà tí ìjì bá gbé aṣọ egúngún sókè lójú agbo, tí gbogbo ayé sì rí bàtà ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ijó kò tíì tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún lè wò ó bí ó ti ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́wọ́. Ẹni yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré láti ronú, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó le ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Èkíní ni eré sísá. Ọkọ̀ gidi tí ń sá eré kìlómítà 96 ní wákàtí kan, eré tí ó tọ́ kí kékeré inú Dublo sá kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ na ọwọ́ yín sórí tábìlì: láti ìgúnpá dé àtàǹpàkò ni ó yẹ kí ó máa fi ìṣẹ́jú àáyá kan rìn. Èyí jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ń wa ọkọ̀ kékeré ni ó máa ń fi í sáré bí eku tí ológbò ń lé, ojú yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìṣeré ni.

Èkejì ni bí nǹkan ti ń ṣubú. Bí nǹkan bá ṣubú láti ibi tí ó ga ní ìlọ́po 76, yóò pẹ́ kí ó tó dé ilẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 9. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ gidi tí ó bá dojú dé fi ń dà bí ẹni pé ó ń wólẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí ti ìṣeré ń ṣubú pẹ́kẹ́. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ti rí ọgbọ́n sí i. Àwòrán 24 ni sinimá ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ya àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n sì fi 24 hàn, ohun gbogbo yóò falẹ̀ ní ìlọ́po 5, ohun kékeré yóò sì dà bí ohun wíwúwo. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ bí ti ọjọ́ yẹn kò ṣeé fà gùn. Ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ojú kámẹ́rà wà, èyí sì mú wa padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ ti agolo rẹ̀. Ojú ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gidi ga ní nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ sí ilẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà 76: kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ! Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ojú kámẹ́rà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gan-an. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà tóbi bí àpótí aṣọ, orí ẹsẹ̀ ńlá ni ó sì ń dúró. Báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀? Ojú ẹni tí ó dúró lókè ni ó fi wo ọkọ̀, agolo ni ó sì rí.

Nígbà tí ó di ọdún 1957, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọkọ àti aya kan, Charles àti Ray Eames, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn méjèèjì lókìkí nítorí àga tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n kó àwọn ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ayé àtijọ́ jọ, wọ́n ṣe ìlú kékeré fún wọn, wọ́n gbé ojú kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ya fíìmù tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Toccata for Toy Trains ni wọ́n pè é. Elmer Bernstein ni ó ṣe orin rẹ̀. Wọn kò purọ́ pé ọkọ̀ gidi ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, Charles Eames fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun ìṣeré àti ohun tí a ṣe láti fara jọ ti gidi ní gbogbo ọ̀nà. Ó fẹ́ kí páànù jẹ́ páànù, kí igi jẹ́ igi, kí ọ̀dà sì jẹ́ ọ̀dà. Ẹ wo ọgbọ́n náà: ẹni tí kò bá fi ohunkóhun pa mọ́, kò sí ohun tí yóò tú u fó. Ohun tí Lime Grove ń bẹ̀rù ni Eames fi ṣe ẹwà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá ṣe ti Henry ní àṣeyọrí? Ọ̀rọ̀ náà gbà ju 30 ọdún lọ. Ní ọdún 1979, obìnrin kan tí ó ń ṣe fíìmù nípa ọkọ̀ ojú irin eléèéfín, Britt Allcroft, lọ fi ọ̀rọ̀ wá Awdry lẹ́nu wò. Ó gbọ́ ìtàn, ìtàn wọ̀ ọ́ lára, ó sì pinnu pé òun yóò gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún púpọ̀ ni ó fi wá owó. Ní ọjọ́ 9, oṣù Òkítóbà, ọdún 1984, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìtàn 26 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. David Mitton ni olùdarí, Ringo Starr, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ olórin Beatles, sì ni ó sọ ìtàn.

Ẹ wo bí wọ́n ti tún gbogbo àṣìṣe àná ṣe. Wọn kò lo ọkọ̀ tí ó kéré bíi ti Dublo. Wọ́n lo èyí tí 32 rẹ̀ tó ọkọ̀ gidi kan, tí àárín irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀rọ Märklin ni wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀, lórí ìbú irin nọ́ńbà 1, ọ̀kan lára àwọn tí ilé iṣẹ́ náà fún ní nọ́ńbà ní ọdún 1891. Wọ́n gbé ojú kámẹ́rà wá sí ẹ̀gbẹ́ irin. Wọ́n fi èéfín sí i. Ojú ẹ́ńjìnnì ń yí sọ́tùn-ún sósì, ẹni tí ó jókòó lókèèrè ni ó sì ń yí i. Bí Thomas bá bínú, wọn a yọ ojú dídùn kúrò, wọn a fi ojú ìbínú sí i. Wọn kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa ṣí. Ohùn ẹni tí ń sọ ìtàn ni ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí bàbá ti ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ tí èéyi mú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fíìmù ni. Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ lórí irin, wọn a gbé e padà, wọn a sì tún un yà. Ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀ o! Kò sí ọkọ̀ kékeré tí ó lè rìn láìsí ọwọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí kámẹ́rà tó la ojú. Awdry wà láàyè láti rí i. Ọdún 1997 ni ó kú, ní ẹni ọdún 85.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tí ó ṣòro fún ilé iṣẹ́ ńlá ní ọdún 1953 ti dé ọwọ́ yín. Ojú kámẹ́rà tẹlifóònù alágbèéká kò tó ẹyọ àgbàdo, etí rẹ̀ ni ó sì wà. Bí ẹ bá dojú tẹlifóònù náà kodò, tí ẹ gbé e ti ilẹ̀, yóò rí ohun tí ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ ń rí. Ẹni tí ó ní ojú irin kékeré nílé lè ṣe é. Ẹni tí kò ní ju ọkọ̀ agolo lọ lè ṣe é pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí iná ti ẹ̀gbẹ́ kan wá bí ìgbà tí oòrùn bá ràn, kí òjìji má baà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ rọra rìn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kí ife omi tàbí ẹsẹ̀ àga má baà yọ sínú àwòrán, nítorí ife omi lẹ́yìn òkè kò yàtọ̀ sí ọwọ́ láti ọ̀run.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo irin oríta. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Irin oríta tí ó wà ní Lime Grove kò gùn ju ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀rín. Lórí ojú irin gidi, irú rẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn tíṣà níṣẹ́ máa ń sọ fún wọn pé ọmọdé kì í béèrè pé kí ohun tí a fi hàn án tóbi. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ẹni tí ó fi hàn án ti tọ́jú rẹ̀ dé gbogbo igun. Christopher mọ̀ ọ́n lórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ó ń dá bàbá rẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ tí ó wo tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Àìkú yẹn náà mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí ọmọ kan tí ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, tí ó ń fi ojú kan wo agolo, ẹ má ṣe yára bá a wí pé ó ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí ó ń wò.

Ó dìgbà mìíràn o. Kí Elédùmarè jẹ́ kí a tún pàdé láyọ̀.